Ẹ ṣọ́ra o, gíláàsì fákúùmù tí wọ́n ń sọ pé kò lè bọ́ láéláé, jìbìtì ti wọ̀ ọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra gíláàsì fún fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn dílà kan wà níta báyìí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á ní "fákúùmù ni wọ́n fi ṣe é, kò lè bọ́, kò ṣeé họ, ẹ fi í síbi tó bá wù yín". Apá kan ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ òótọ́, pé inú fákúùmù, ìyẹn inú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fa atẹ́gùn ẹ̀ jáde, ni wọ́n ti fi kóòtìn, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dá ooru padà, bo ojú ẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó kù, irọ́ ni, irọ́ yẹn ló sì ń ba gíláàsì olówó ńlá jẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, tó bá wá bàjẹ́ tán wọ́n á tún yí i padà pé ẹni tó rà á ló fi ọṣẹ burúkú fọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ gíláàsì ni mò ń ṣe, àwa ni wọ́n máa ń pè wá tú u tọ́rọ̀ bá ti bẹ́yìn yọ, torí náà ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ. Obìnrin kan ra gíláàsì tó ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ fún gbogbo fèrèsé ilé ẹ̀, ẹyọ kan ẹyọ kan, kì í ṣe oníméjì, dílà yẹn ní "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, fákúùmù ni, ọmọ yín gan-an á bá a níbẹ̀". Ìgbà tí mo máa débẹ̀ kóòtìn yẹn ti ń jẹ láti etí ìsàlẹ̀ lọ sókè, níbi tí omi máa ń dúró sí nínú férémù. Àwọn àmì kéékèèké ni, òmíì funfun, òmíì pupa díẹ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ ẹ máa rí i pé wọ́n ti ń so kọ́ra wọn, àárín gíláàsì náà ti ní ilà yíká yíká níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ nù ún. Mo fi èékánná fà á, ó ṣí. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ kọ́ nìyẹn rárá. Gíláàsì tí wọ́n ṣe pé inú dọ́bù gíláàsì (gíláàsì méjì tí wọ́n sé pọ̀ tí àlàfo wà láàárín wọn) ni kó máa gbé, tí ojú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́, òun ni wọ́n tà fún un pé kó fi ẹyọ kan dá dúró, kó máa fi ọwọ́ kàn án kó máa nù ún. Dílà ò gbé ìpè mọ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan yìí, torí tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹnu dídùn ò ní lè mú yín. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ gíláàsì yẹn mọ́ tónítóní, torí ibi tí eruku tàbí òróró ọwọ́ bá kù sí, ibẹ̀ ni kóòtìn ò ti ní mú dáadáa. Á wá wọ inú ẹ̀rọ gígùn kan tí wọ́n ti fa atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde, wọ́n á jẹ́ kí gáàsì argon díẹ̀ wọlé, ó kéré débi pé agbára ẹ̀ ò ju bí ìdá mélòó kan nínú mílíọ̀nù agbára atẹ́gùn tá à ń mí sínú yìí lọ. Iná ńlá ni wọ́n máa gbé sí i, iná yẹn ló ń mú kí argon máa sáré lọ gbá irin tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, ó lè jẹ́ fàdákà, ó lè jẹ́ zinc tàbí titanium tàbí irin míì, átọ́ọ̀mù irin yẹn á máa tú jáde á máa lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì tó ń kọjá lọ. Sputtering ni wọ́n ń pè é. Látọdún 1852 ni William Grove ti kọ̀wé pé irin máa ń ṣe báyẹn nínú ìgò tí wọ́n fa atẹ́gùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi mágínẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn irin yẹn, láwọn ọdún 1970 sí 1980, ni iṣẹ́ náà tó yá débi tí wọ́n fi lè bo gíláàsì odidi, èyí tó gùn tó mítà 6 tó sì fẹ̀ ju mítà 3 lọ. Tí wọ́n bá fi oxygen tàbí nitrogen kún gáàsì yẹn, ohun tó máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì ò ní jẹ́ irin lásán mọ́, á di oxide tàbí nitride, àwọn yẹn ló máa ń le. Silicon nitride le gan-an, òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe èyí tó wà lókè pátápátá.

Wàyí o, fàdákà. Fàdákà ló ń dá ooru padà, òun ló fi dáa, òun náà ló sì fi ẹlẹgẹ́. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní emissivity, ó ń sọ bí ojú gíláàsì ṣe ń tú ooru jáde tó, bó bá ṣe kéré sí ló ṣe dáa sí. Gíláàsì lásán tí wọn ò bo nǹkan kan mọ́, emissivity ẹ̀ tó 0.84, èyí tí wọ́n fi fàdákà bò dáadáa kì í tó 0.1, òmíì máa ń wálẹ̀ dé 0.04 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fàdákà tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, nanómítà 10 sí 15 péré ló nípọn, ẹ sì rántí pé mílíọ̀nù kan nanómítà ló wà nínú mílímítà kan ṣoṣo. Ọ̀rinrin, iyọ̀, àti sulphur tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ fàdákà, gbogbo ẹni tó ti lo ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà mọ bó ṣe máa ń dúdú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi oxide sí abẹ́ ẹ̀, tí wọ́n ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bò ó, tí wọ́n tún ń fi oxide tàbí nitride bò wọ́n lórí. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, tí nǹkan bá họ ọ́ báyìí pẹ́rẹ́, ọ̀nà ti ṣí nìyẹn, á máa jẹ lọ lábẹ́lẹ̀.

Nítorí náà fákúùmù ò sọ nǹkan kan fún yín nípa bó ṣe máa pẹ́ tó. Ohun tí wọ́n tò lé ara wọn nínú fákúùmù yẹn ló ń sọ ọ́. Ẹ wo dígí ńlá 100 ínṣì tó wà ní Mount Wilson ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, ọdún 1935 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Strong, fi alumíníọ̀mù bò ó nínú fákúùmù dípò fàdákà tó máa ń dúdú, iṣẹ́ ńlá ni, síbẹ̀ títí dòní àwọn tó ń tọ́jú irú dígí bẹ́ẹ̀ ṣì máa ń tú kóòtìn ẹ̀ kúrò láti ìgbà dé ìgbà kí wọ́n tún un bò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ jù láyé nìyẹn o! Dílà kan á wá dúró níwájú yín pé tòun ò lè bọ́ láéláé.

Mi ò sọ pé kò sí èyí tó lágbára. Ó wà. Èyí tí wọn ò fi fàdákà sí, tó jẹ́ chromium tàbí stainless steel pẹ̀lú silicon nitride lórí ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn lè dá dúró ní ẹyọ kan bí ojú tí wọ́n bò bá kọjú sínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lè dá ooru padà tó ti fàdákà. Òmíì tún wà tí kì í ṣe ti fákúùmù rárá, tin oxide ni wọ́n máa ń gbé sórí gíláàsì nígbà tó ṣì ń gbóná ju 600°C lọ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, hard coat ni wọ́n ń pe ìyẹn, ó le gidi, emissivity ẹ̀ máa ń wà ní bíi 0.15 sí 0.2. Nígbà tẹ́ ẹ bá sọ fún dílà pé èyí tó lágbára tẹ́ ẹ lè fi dá dúró lẹ fẹ́, irú àwọn yìí ló yẹ kó mú wá, kì í ṣe kó lọ gbé oní-fàdákà wá torí pé òun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè kíláàsì. Àwọn ará Yúróòpù ní òfin kan fún gíláàsì tí wọ́n bò, EN 1096 lorúkọ ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á kọ kíláàsì sínú ìwé tó bá gíláàsì wá. Kíláàsì A, ojú tí wọ́n bò lè wà níta tàbí nínú, B lè dá dúró ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n bò gbọ́dọ̀ kọjú sínú ilé, C inú dọ́bù gíláàsì tí wọ́n sé pa nìkan, D gbọ́dọ̀ wọ inú dọ́bù gíláàsì kíákíá lẹ́yìn tí wọ́n bò ó, S sì wà fún iṣẹ́ kan pàtó tí ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ máa dárúkọ, bíi iwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo jìbìtì tí mò ń sọ yìí, C àti D tí wọ́n ń tà bíi B ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tí dílà bá ní òun ò mọ kíláàsì, tàbí ó ní "gbogbo ẹ̀ náà ni", ẹ kúrò níbẹ̀. Inú òfin yẹn kan náà ni ìdánwò ti wà, wọ́n máa ń fi omi iyọ̀ fọ́n ọn, wọ́n máa ń kó o sínú ọ̀rinrin, wọ́n máa ń gbé e sínú gáàsì sulphur dioxide, wọ́n máa ń fi nǹkan ha á. Ẹ ní kí wọ́n fi èsì ìdánwò tó jẹ́ ti orúkọ gíláàsì yẹn gan-an hàn yín, kì í ṣe ti gíláàsì míì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, torí wọ́n máa ń ṣe ìyẹn náà.

Ti fíìmù ń kọ́? Ìyẹn burú ju gbogbo ẹ̀ lọ torí kì í tiẹ̀ ṣe gíláàsì tí wọ́n bò, rọ́bà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì lásán. Ẹ fi èékánná wá etí ẹ̀ lọ́wọ́ igun, tó bá jẹ́ fíìmù ẹ máa bá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kóòtìn fákúùmù ò ní etí tí èékánná lè gbá mú. Òmíì ni kẹ́míkà aláwọ̀ tí wọ́n fọ́n sí i, tí wọ́n á máa pè ní nano, ẹ fi òwú rin sínú tínà kẹ́ ẹ fi nu igun kan, púpọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọ̀ sára òwú, irin àti oxide ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mítà àwọn oníṣẹ́ iná náà wúlò, ẹ yí i sí ohm kẹ́ ẹ rọra gbé ẹnu ẹ̀ méjèèjì lé ojú tí wọ́n ní àwọn bò, fàdákà máa ń gbé iná, nọ́ńbà kékeré ló máa hàn, gíláàsì lásán àti ojú fíìmù ò ní sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ rántí, hard coat náà ń gbé iná, kóòtìn tó jẹ́ oxide nìkan sì lè má gbé e, torí náà mítà ò lè sọ kíláàsì fún yín, ìwé ló máa sọ ọ́. Ẹ sì rọra o, ẹnu mítà lè họ oní-fàdákà.

Tó bá jẹ́ dọ́bù gíláàsì tí wọ́n ti sé pa lẹ ń rà, ẹ tan láítà níwájú ẹ̀ lálẹ́ tàbí níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ máa rí iná mẹ́rin nínú ẹ̀, torí ojú mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta á jọra, ìkan á ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, ó lè pọ́n díẹ̀ tàbí kó ní àwọ̀ elésè àlùkò, ojú yẹn ni kóòtìn wà. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọra pátá, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti sanwó fún gíláàsì lásán. Tí ìkan bá yàtọ̀, ẹ kà á láti ìta wá, ojú kejì tàbí ojú ìkẹta ló yẹ kó jẹ́ fún oní-fàdákà, kejì níbi tí oòrùn ti ń mú, ìkẹta níbi tó jẹ́ òtútù ni wọ́n ń sá fún. Tó bá bọ́ sí ojú kìíní tàbí ìkẹrin, kì í ṣe inú ibi tí wọ́n sé pa ló wà yẹn, kò ní pẹ́. Ẹ wo etí náà, ó yẹ kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ti họ kóòtìn kúrò yíká, bíi mílímítà 10, kí gọ́ọ̀mù tó sé e lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì gan-an kí ọ̀rinrin má sì rí fàdákà gbà wọlé. Àwọn tó ń sáré sé e nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kì í ṣe é torí ó ń gbàkókò, ibẹ̀ ni ìjẹ á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n tẹ́mpà ẹ̀ (ìyẹn ni pé wọ́n mú un gbóná gan-an, wọ́n tún yára mú un tutù kó lè lágbára) kí wọ́n tó bò ó ni àbí lẹ́yìn ẹ̀, torí iná tí wọ́n fi ń tẹ́mpà máa ń kọjá 600°C, fàdákà tí wọn ò ṣe fún ìyẹn á ṣù jọ, gíláàsì á wá rí bàìbàì títí lọ. Gíláàsì tó ti pẹ́ ní sítọ́ọ̀ náà, ilé iṣẹ́ máa ń kọ iye oṣù tó lè lò kí wọ́n tó sé e, ẹ wo lébẹ̀ẹ̀lì, tí wọ́n bá ti já lébẹ̀ẹ̀lì kúrò ẹ má rà á.

Fún ẹni tó ti rà á tí kò tíì fi í, ẹ má jẹ́ kí fítà gbé e sókè. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, lébẹ̀ẹ̀lì, igun, rìsíìtì, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí dílà pé kó kọ kíláàsì ẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kì í ṣe kó fẹnu sọ ọ́ lórí fóònù. Tó bá jẹ́ C tí ojú ẹ̀ sì ṣì mọ́ láìní àmì kankan, tí oṣù ẹ̀ ò sì tíì kọjá, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dọ́bù gíláàsì lè ṣì họ etí ẹ̀ kí wọ́n sé e pa fún yín, ẹ bọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé e. Tí àmì funfun yẹn bá ti yọ, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni pé ó máa pa á rẹ́ o, kò sí ohun tó ń dá a padà, owó yín ni kẹ́ ẹ lọ béèrè.