Fantôme ti Utada Hikaru: àwo orin tí ọ̀fọ̀ bí

Kí n tètè sọ ọ́: ẹni tó bá ń wá orin tí yóò gbé e dìde jó, kó má bẹ̀rẹ̀ níbí. Utada Hikaru, olórin ará Japan, gbé Fantôme jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, orin mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, ọ̀fọ̀ ló sì wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì ti ka ohun tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó èyí rí. Àwọn mìíràn ní ó wúwo, ó ń falẹ̀, Utada tí àwọn mọ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn àwọn àkọ́kọ́ ni mo wà, gbọingbọin.

Mi ò gbọ́ èdè Japan o. Ìtumọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orin náà, mo sì rọ ẹ̀yin náà pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ ni ẹ̀mí àwo yìí. Ẹni tó bá kàn ń gbọ́ ohùn orin nìkan yóò rò pé orin ìfẹ́ lásán ni.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: New York ni wọ́n ti bí Utada ní 1983. Olórin ni ìyá rẹ̀, Fuji Keiko, ẹni tí orúkọ rẹ̀ dún jákèjádò Japan láti 1969 nídìí enka, irú orin àtijọ́ tí wọ́n fi ń da omijé àti ìdààmú ọkàn jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Utada nígbà tí First Love jáde ní 1999. Àwo náà tà ju mílíọ̀nù méje lọ ní Japan, kò sì tíì sí èyí tó tà tó o níbẹ̀ títí dòní. Ní 2010 ó kéde pé òun fẹ́ sinmi orin kíkọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ìyá rẹ̀ kú ní Tokyo, ikú òjijì tó ba gbogbo ìlú lọ́kàn jẹ́. Ní 2015 òun náà bí ọmọkùnrin kan. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni Fantôme dé, ìyá rẹ̀ ló sì fi í rántí.

Ẹ jẹ́ ká mú orin kan ká wò ó fínnífínní. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn NHK lo Hanataba wo Kimi ni fún eré wọn kan tó ń jáde láàárọ̀, Toto Neechan, ní 2016. Ìgbà tí àwọn ènìyàn ń jẹun àárọ̀, tí wọ́n ń wá bàtà ọmọ kiri kí wọ́n lè tètè jáde nílé, ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Orin náà tutù, ó dùn ún gbọ́, òdòdó ló ń ṣèlérí láti fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ó ń sọ̀rọ̀ nípa àárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹni tí kì í kun nǹkan kan sójú ní àtíkè fẹ́ẹ́rẹ́ lójú. Ẹni tó bá ti dúró ti òkú rí, tó ti rí i bí wọ́n ṣe wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ẹbí láti wò, yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Kò dárúkọ ikú. Kò dárúkọ pósí. Àtíkè yẹn nìkan ló sọ, ó sì kọjá lọ sórí òdòdó rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ kan sọ pé orin náà ti mọ́ àwọn lẹ́nu kí wọ́n tó mọ̀ pé òkú ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí kò sí ẹkún kankan nínú ohùn rẹ̀ tó lè ta ènìyàn lólobó.

Èyí ni mo rò pé àwọn tó ní àwo náà ń falẹ̀ kò tíì gbọ́. Wọ́n ń retí kí ọ̀fọ̀ pariwo. Ọ̀fọ̀ Utada kì í pariwo. Inú ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń gbé.

Orin tó ká mi lára jù lọ ni Manatsu no Tōriame. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Hanataba jáde, ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Ẹni tó ń kọrin ta jí lójú oorun, ó tún ojú dì kó lè padà sínú àlá tó ń lá, kò ṣeé ṣe; ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ti lọ. Àwa tí a máa ń kí òkú pé ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá, a ò nílò ògbufọ̀ fún ibí yìí. Ìdágbére ni ojú àlá jẹ́ lẹ́nu wa, a ń sọ ọ́ lẹ́bàá sàréè, a sì ń yí padà sílé. Èwo wá ni ká ṣe nígbà tí àlá náà bá dé lóòótọ́, tí ilẹ̀ sì mọ́? Ibẹ̀ ni Utada jókòó sí. Bí orin náà ti ń lọ sí ìparí, òjò tí kò dá àti òùngbẹ tí kò tán ló ń tún pè ṣáá, títí orin fi tán. Kò fi ìtùnú kankan sí i, mo sì dúpẹ́ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orin ìtùnú pọ̀ nígboro. Orin tó gbà pé òùngbẹ náà ò ní tán kò pọ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń rìn jẹ́jẹ́. Michi tó ṣí àwo náà yára, ìlù rẹ̀ ń ta kìtì, ohun tó sì ń sọ ni pé ọ̀nà tí òun rò pé òun nìkan ń rìn, ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ni wúrà, ẹ̀ ń gbọ́ ọ lára rẹ̀. Nijikan Dake no Vacance, tí òun àti Sheena Ringo jọ kọ, dùn bí oyin. Ọdún kan náà, 1998, ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin. Orin náà ń sọ nípa ẹni tí ilé àti ẹbí ti gba gbogbo agbára rẹ̀, tó wá yọ́ jáde fún wákàtí méjì péré.

Òkùnkùn mìíràn wà nínú Ore no Kanojo, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ikú rárá. Ọkùnrin kan ń fi obìnrin rẹ̀ yangàn: ó rẹwà níwọ̀nba, ó mọ ènìyàn í ṣe, àwọn ọ̀rẹ́ òun yìn ín, bí òun bá pẹ́ níta kì í bi òun léèrè. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà fèsì pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn, èmi ni, síbẹ̀ èmi kọ́. Utada nìkan ló kọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ gbọ́ bó ṣe rẹ ohùn sílẹ̀ fún ọkùnrin náà, tí gìtá béèsì sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ilé. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwo yìí kì í sábà mẹ́nu ba orin yìí, ó sì yẹ kí wọ́n máa mẹ́nu bà á.

Àwo náà ní ibi tó kù sí. Bōkyaku, tí òun àti olórin ráàpù KOHH jọ ṣe, ìlù rẹ̀ kò tètè wọlé, ẹni tí kò ní sùúrù yóò ti fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí KOHH bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú rẹ̀ jáde tán, ẹ ó rí i pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí tí mi ò lè gbèjà ni Jinsei Saikō no Hi. Orin kékeré tó ń yọ̀ ni, kò sóhun tó burú lára rẹ̀, àmọ́ ó fúyẹ́ jù fún ibi tí wọ́n fi sí, ẹ̀gbẹ́ orin tó wúwo jù nínú àwo náà. Tomodachi, nípa ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò sì lè sọ ọ́ síta, dára, ṣùgbọ́n mi ò fi bẹ́ẹ̀ padà sí i.

Orin tó wúwo jù yẹn ni Sakura Nagashi, òun ló kẹ́yìn. Ọdún 2012 ló ti kọ́kọ́ jáde, fún ìparí fíìmù Evangelion: 3.0, ìyá rẹ̀ sì ṣì wà láyé nígbà náà. Ó ń rántí ẹnì kan tó ń wo òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tó sì ti ń rẹ̀ dànù, tí ojú ń ro ẹni náà pé ó tún tètè lọ lọ́dún yìí. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹni náà ìbá rò bó bá rí òun báyìí, tí òun ń dá gbé ayé òun. Píánò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́, ìlù àti gìtá sì ya bò ó nígbẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí àwo náà ti pa mọ́ra láti orin kìíní ló tú jáde níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe ṣa orin gbọ́, ẹ gbọ́ àwo náà tẹ̀lé ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó wà lórí Spotify àti Apple Music. Íápíìsì ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń mí sínú ẹ̀rọ kó tó kọ gbólóhùn kan, sípíkà fóònù kì í sì í gbé èémí yẹn jáde. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ wá Hatsukoi tó tẹ̀lé e ní 2018. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹnì kan ni, ẹ gbọ́ Michi àti Hanataba ná, ẹ fi Manatsu no Tōriame sílẹ̀ di ìgbà tí ara yín bá lè gbà á.