Tí wọ́n bá ní Kristẹni ló ṣòwò ẹrú: ìdáhùn méjì

Àwọn tí kò gbà pé Ọlọ́run wà sábà máa ń bi wá pé: "Bí ẹ̀sìn yín bá dára, kí ló dé tí àwọn tó ń ka Bíbélì fi ra ènìyàn, tí wọ́n sì tà á?" Ìdáhùn méjì ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wa.

Àkọ́kọ́ ni, "Àwọn yẹn kì í ṣe Kristẹni tòótọ́." Ó yá lẹ́nu, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 1748 ni John Newton, atukọ̀ òkun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òun yí padà sí Ọlọ́run. Síbẹ̀ ó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú títí di 1754. Ó ń gbàdúrà lókè, àwọn ènìyàn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìkejì ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ ń dunni: ká jẹ́wọ́, ká tó sọ ìyókù ìtàn. Ní 1788, Newton fúnra rẹ̀ kọ̀wé tako òwò náà, pẹ̀lú ìtìjú. Ìgbàgbọ́ wa pé Ọlọ́run dá ènìyàn ní àwòrán ara rẹ̀ dá òwò náà lẹ́bi. Ẹ sì wo Àjàyí Crowther. Ní 1821, wọ́n fi okùn sí ọmọ Òṣogùn yìí lọ́rùn, wọ́n wọ́ ọ kúrò nílé. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ló sì ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè ìyá rẹ̀.