Báàgì abẹ́ ìjókòó, ike irinṣẹ́ àbí àpò ẹ̀yìn ẹ̀wù: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà fún kẹ̀kẹ́ ìje l'Ábújá?

Kẹ́ ẹ tó wo báàgì kankan, ẹ kọ́kọ́ kó ohun tẹ́ ẹ máa gbé sórí tábìlì ná. Fún ìrìn wákàtí méjì sí mẹ́rin, ká ní láti Jabi dé Zuba lálọ àtàbọ̀, tàbí Kubwa gba Ushafa dé Bwari, ẹrù náà ò ju èyí lọ: túbù tuntun méjì, ike ìyọtáyà méjì, àlẹ̀mọ́ túbù díẹ̀, Allen key alákànpọ̀ tó ní 4, 5, 6 mm àti T25 (èyí tí orí rẹ̀ rí bí ìràwọ̀), link tó bá ṣéènì yín mu (ti gear 11 yàtọ̀ sí ti 12), pọ́ǹpù kékeré, àti irin fáàfù tí kò tóbi ju orí ìka lọ, èyí tó ń jẹ́ kí fáàfù Presta, ìyẹn fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ ti kẹ̀kẹ́ ìje, gba afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ fọganáísà. Irin yẹn lẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Rọ́bà àwọn mai faci, ìyẹn àwọn fọganáísà tó wà létí títì, fáàfù mọ́tò àti ọ̀kadà ló bá mu. Bí kò bá sí irin yẹn, wọ́n á kàn máa wo táyà yín ni. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ ní kí wọ́n rọra ṣe é. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà tírélà lè bẹ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.

Yàtọ̀ sí pọ́ǹpù, gbogbo ẹrù yìí wọ inú àpò tí kò tó lítà kan. Pọ́ǹpù ní tiẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi ìkó igò omi ni kẹ́ ẹ dè é mọ́.

Ike irinṣẹ́ àti báàgì abẹ́ ìjókòó

Àwọn méjì yìí ni ìdíje gidi wà láàárín wọn. Ike irinṣẹ́ rí bí igò omi, ibi ìkó igò náà ló ń jókòó sí. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ekuru ò ráyè wọ̀ ọ́, kì í kan itan, ẹ sì lè yọ ọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́ kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ká ní Ábújá tútù bíi Jos ni, òun là bá ní kẹ́ ẹ rà. Àmọ́ ibi ìkó igò méjì péré ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìje, oòrùn oṣù kẹta níbí ò sì mọ ẹni ọ̀wọ̀: igò omi 750 ml kan ò lè gbé yín kọjá wákàtí kejì. Ẹni tó bá fi irinṣẹ́ gba àyè omi á mọ̀ ọ́n lára bó bá dé òkè Katampe. Inú òjò tàbí ọyẹ́, tí òùngbẹ ò fi bẹ́ẹ̀ gbẹni, ó wúlò dáadáa. Ẹ fi àkísà dí inú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ró wọnwọn títí ẹ ó fi délé.

Báàgì abẹ́ ìjókòó la fara mọ́, èyí tó gba lítà 0.5 sí 0.8. Okùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀. Èyí tó ní okùn lábẹ́ ìjókòó nìkan, tí kò ní òmíràn tó so mọ́ ọ̀pá ìjókòó, á máa jù sọ́tùn-ún sósì. Velcro dára, ṣùgbọ́n ekuru ọyẹ́ máa ń dí i, kì í wá lẹ̀ mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó lẹ lè fi gbọ̀n ọ́n. Bí ọ̀pá ìjókòó bá jẹ́ carbon, ẹ lẹ tépù mọ́ ibi tí okùn máa wà, torí ekuru tó bá há sábẹ́ okùn á máa họ ọ̀pá náà bíi sáńpépà.

Ẹ má rà á láìgbé e kọ́. Ẹ kó ẹrù sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ so ó, kẹ́ ẹ jókòó, kí ẹnì kan wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti táyà ẹ̀yìn: kó má dín ní ìka mẹ́ta. Àwọn tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ wọn wà nílẹ̀ ni èyí sábà máa ń há fún. Ẹ wò ó bóyá ó bo iná ẹ̀yìn pẹ̀lú.

Ohun tó ń bà á jẹ́ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀ nìyí: túbù àti Allen key máa ń ra ara wọn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, etí irin á ti họ túbù tuntun dé ibi tó ti lu, etí títì lẹ ó sì ti mọ̀. Ẹ dé ọmọrí fáàfù, ẹ fi páúdà pa túbù, kẹ́ ẹ kì í sínú ìbọ̀sẹ̀ ògbólógbòó. Bí ṣéènì bá já, ẹ lè ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀ náà.

Àwọn yòókù

Àpò ẹ̀yìn ẹ̀wù wà fún fóònù, owó àti káàdì ìdánimọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò sì ní gbàgbé rẹ̀ sára kẹ̀kẹ́. Ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá tó ṣé e pa lẹ́nu, nítorí òógùn. Ẹ má fi irin síbẹ̀, pàápàá àpò àárín: bẹ́ ẹ bá fi ẹ̀yìn ṣubú, eegun ẹ̀yìn yín ló máa gbà á.

Báàgì orí ọ̀pá òkè dára fún dàbínò àti kùlíkúlì tẹ́ ẹ fẹ́ máa jẹ lórí ìrìn. Kó má fẹ̀ ju 6 cm lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúnkún á máa lù ú bẹ́ ẹ bá dìde gun òkè. Èyí tó ní ojú ike fún fóònù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ìlú rẹ̀ tutù. Oòrùn á mú fóònù gbóná títí á fi pa ara rẹ̀.

Báàgì iwájú ò burú fún jákẹ́ẹ̀tì àárọ̀ ọyẹ́, bí kò bá ti tẹ okùn bírékì. Ti àárín férémù, ẹ má nà án lówó fún ìrìn ìdajì ọjọ́.

Agolo gáàsì CO2 16 g ńkọ́? Ó ń fẹ́ táyà kan lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Afẹ́fẹ́ náà á sì ti jò dànù di ọjọ́ kejì. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn, ẹ má sì torí ẹ̀ fi pọ́ǹpù sílẹ̀.

Bí àyè bá kù nínú báàgì, ẹ fi ẹ̀mú tínńrín sí i àti ègé kan lára ike ọṣẹ ìfọyín tó ti tán. Etí títì Kubwa àti ti Airport Road kún fún wáyà tín-ín-tín láti ara táyà tírélà tó bẹ́. Bẹ́ ẹ bá yọ túbù tó lu, ẹ fi òwú nu inú táyà yí ká: ibi tó bá ti fa òwú ni wáyà wà. Ẹ fi ẹ̀mú fà á jáde, kẹ́ ẹ fi ike yẹn tẹ́ inú bí táyà bá ya. Bẹ́ ẹ bá fo èyí, túbù kejì ò ní dé Dei-Dei.