Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún "atẹ̀wé" tí kò ní ẹ̀rọ, tó ń yí ká àwọn ẹgbẹ́ ọmọdé ní Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ́ ọmọdé, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin oníjọ, ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìnáwó lásán, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń pe ara rẹ̀ ní atẹ̀wé ní Àjàṣẹ́. Kò ní ẹ̀rọ. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù méjì ló ní, pẹ̀lú báàgì aláwọ kan tó kún fún iṣẹ́ oníṣẹ́, àti ẹnu. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ní kí n má dárúkọ rẹ̀ nítorí ẹjọ́ tí a ti gbé lọ, mo sì gbà fún wọn, àmọ́ ó ń dùn mí dé egungun.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ sọ rèé: "Ìyá wa, nítorí pé ti ọmọdé ni, mo ti yọ èrè tèmi kúrò níbẹ̀." Bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ gbé àpò yín, kí ẹ máa lọ. Ọmọ ta ló ń bọ́ tó fi fẹ́ ṣiṣẹ́ láìjèrè?

Ẹgbẹ́ wa kò tóbi, ní Kétu níbí. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti rán lọ ṣọmọ ọ̀dọ̀ ní Kútọ̀nú tàbí Èkó, tí wọ́n sì padà wálé, àwọn la ń dá padà síléèwé. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 16 oṣù Òkúdù, tíí ṣe Ọjọ́ Ọmọ Áfíríkà, ọjọ́ tí a fi ń rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọlọ́pàá yìnbọn fún ní Soweto lọ́dún 1976, a máa ń lọ káàkiri abúlé láti bá òbí sọ̀rọ̀. Lọ́dún yìí a fẹ́ ìwé ìléwọ́ 2,000, báńà méjì, àti káyé, ìwé tí ọmọ iléèwé fi ń kọ̀wé, olójú-ewé 100 tí ọ̀rọ̀ wa àti àwòrán àwọn ọmọ wa yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, 600. Ọkùnrin yìí ní 480,000 sẹ́fà. Atẹ̀wé kan tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ ti sọ 650,000 fún wa.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yín. Ẹ fẹ́ sọ pé ọ̀pọ́ọ́kú ló mú wa. Ẹ sinmi ná. Owó náà kì í ṣe tiwa. Àwọn tó ń fún wa lówó ní kí a gba iye owó lọ́wọ́ atẹ̀wé mẹ́ta, kí a sì mú èyí tó kéré jù. Ìlànà ni. A gba mẹ́ta: 480,000, 650,000, 720,000. Ta ni ìbá mú 650,000 nínú àwọn tó ń bú mi báyìí? Kí ló fẹ́ kọ sínú ìròyìn rẹ̀ fún olówó?

Lẹ́yìn tí owó ti wọlẹ̀ ni akápò wa gbé àwọn proforma náà, ìwé iye owó tí wọ́n kọ fún wa, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Lórí ti 480,000, wọ́n kọ "inpression" dípò "impression". Lórí ti 720,000, "inpression" kan náà. Lẹ́tà kan náà, àyè kan náà, ìlà kan náà lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kọ méjèèjì! Òun ló gbé ọ̀wọ́n kalẹ̀ kí ti òun lè dà bí àánú. Ta ló wá sọ fún un pé ẹ̀kẹta wa jẹ́ 650,000? Ìwé yẹn, inú ọ́fíìsì wa ló wà. Ẹnìkan nínú ilé mọ̀ nípa rẹ̀, mo sì ń wojú gbogbo yín nípàdé. Kí onítọ̀hún máa rẹ́rìn-ín lọ.

Àlàyé tó ṣe nípa ọ̀pọ́ọ́kú rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ó ní Ṣómólú l'Ékòó lòun ti ń tẹ iṣẹ́. Òótọ́ ni pé àdúgbò atẹ̀wé ni Ṣómólú. Òótọ́ ni pé láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, ẹni tó bá gbé sẹ́fà lọ síbẹ̀ ń rí ọjà rà. Gbogbo ará Kétu ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí kí ló ń gbé wa kọjá ẹnubodè Ìlárá lọ sí ọjà? Ó tú báàgì rẹ̀, ó kó káléńdà dídán jáde, ó kó ìwé ìjọ jáde, ó ní iṣẹ́ òun ni. Bébà náà nípọn, àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni! Mo ti bá ìjọ tó ni ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀, wọn kò gbúròó rẹ̀ rí.

A san 336,000 sílẹ̀. Ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Orí fóònù rẹ̀ la fi ránṣẹ́ sí, ní orúkọ obìnrin kan tó ní ìyàwó òun ni. Nígbà tó yá, ó ní ẹrù ti dé ẹnubodè Ìgólò, kọ́sítọ́ọ̀mù ti dá a dúró, ó ku 60,000. Ó fi àwòrán páálí nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ ránṣẹ́. Páálí lásán! Kò sí ohun tó fi hàn pé tiwa ni. A san án. Ọjọ́ ayẹyẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìpè ti jáde, ọba ti gbọ́, kí la ò bá ṣe?

Báńà nìkan ló dé fún ayẹyẹ, ọlọ́kadà ló gbé e wá, ó ká a mọ́ra bí ẹní. Ìyókù dé nínú oṣù Agẹmọ. Kí ni ènìyàn ń fi ìwé tí wọ́n kọ "16 Juin" sí gàdàgbà ṣe nínú oṣù Agẹmọ?

Mo ní kí n tú u. Ìdì ìwé ìléwọ́ kọ̀ọ̀kan ní bébà tó nípọn lókè, ó tún ní i nísàlẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín: bébà fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó máa rí ìka yín lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn ò tiẹ̀ ní ohunkóhun lára, funfun báláú. Yíǹkì rẹ̀ bọ́ sí mi látàǹpàkò. Káyé "100 pages" ni wọ́n kọ sẹ́yìn, mo ka ojú ewé inú rẹ̀, ó jẹ́ 64. Irin kan ló mú un láàárín dípò méjì, ọmọ tí mo kọ́kọ́ fún ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ìdajì bọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà ń bẹ̀ mí pé òun kọ́ lòun ya á. Ẹ gbọ́, ọmọ náà ń bẹ̀ mí!

Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Láti ọjọ́ 30 oṣù Bélú ọdún 2024, nọ́ńbà mẹ́wàá là ń tẹ̀ ní Benin, 01 ló ń ṣáájú. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó lọ mú fáìlì ìwé wa àtijọ́ tó rí lórí Facebook, ó tẹ nọ́ńbà mẹ́jọ. Ìyá tó bá fẹ́ pè wá nítorí ọmọ rẹ̀, kò lè rí wa pè.

Owó ṣì lè padà wá lọ́jọ́ kan. Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí ni kò ní padà. A fún un ní àwòrán àwọn ọmọ, kedere, torí ó ní èyí tó wà lórí WhatsApp kò ní dára tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ (òótọ́ ni ìyẹn náà, WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀). Bàbá kan wá bá mi nílé, ó na fóònù sí mi. "Ìyá, ẹ wo ọmọ mi. Wọ́n ní ó ń ṣàìsàn, wọ́n ń fi tọrọ owó." Ojú ewé Facebook kan tí mi ò rí rí. Àwòrán wa. Ọmọ tí ara rẹ̀ le koko, tó ń lọ síléèwé. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè ní kí bàbá náà jókòó. Bóyá ọkùnrin yìí ló ṣe é ni o, bóyá ó ta àwòrán náà ni, òun la fi lé lọ́wọ́.

A ti kọ̀wé sí APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìwífún ara ẹni, lábẹ́ òfin ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. A ti lọ sí CNIN náà, tó ń tọpa jìbìtì orí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ti ṣe irú rẹ̀ fún yín, ẹ lọ kíákíá, ẹ má paá mọ́ra. Ìtìjú wa ni irú wọn ń jẹ.

Ohun tí ẹ ó ṣe, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ lọ fojú rí ẹ̀rọ kó máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe nínú fídíò. Ẹ ka IFU rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà owó-orí rẹ̀: 13 ni nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́, 12 ló wà lórí ìwé ọkùnrin yìí, kò sí ẹni tó kà á nínú wa. Ẹ ní ẹ fẹ́ facture normalisée, ìwé ọjà tí ìjọba mọ̀ sí, tó ní kóòdù QR, kí ẹ fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn olówó yín ò ní gba ìwé yẹpẹrẹ. Kó tẹ ẹyọ kan wá, lórí bébà tó máa lò gan-an, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kó wà lọ́dọ̀ yín. Owó àsansílẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ìdajì. Àárín ìdì ni kí ẹ tú. Ọ̀rọ̀ àwòrán ọmọ, kí ó wà nínú àdéhùn pé yóò pa á rẹ́. Tàbí kí ẹ yàwòrán sí i dípò fọ́tò, a ò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní kí n má da gbogbo atẹ̀wé pọ̀. Mo ti dà wọ́n pọ̀. Ẹni tó ní 650,000 yẹn, mo padà lọ bá a, ó ní kò sáyè. Kò tún bẹ̀rù láti rẹ́rìn-ín.

Káyé a ṣì nílò kí iléèwé tó wọlé ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ẹni tó bá mọ atẹ̀wé tó ní ẹ̀rọ ní Kétu tàbí Pọ́bẹ̀, tí yóò gbowó lẹ́yìn tí a bá ti ka ẹrù tán, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ńbà mẹ́wàá o. Màá wá, èmi àti akápò, a ó sì jókòó ti ẹ̀rọ náà títí iṣẹ́ yóò fi parí, inú ì bá à bí i.