Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ájàṣẹ́ tó fi fóltéèjì yan chipset mi, tó tún padà gbà á sílẹ̀

Aago mẹ́ta òru Ọjọ́bọ̀ ni díráìfù mi pòórá. Ilé mi ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, ni mo wà, mò ń ṣe fídíò ìgbéyàwó kan, iṣẹ́ ti dé ìdá 83 nínú 100. Kọ̀ǹpútà ò kú, iná SBEE ò lọ. Díráìfù kejì, tí gbogbo ohun tí mo yà níbi ìgbéyàwó náà wà lórí rẹ̀, kàn kúrò lójú mi bí ẹni pé n kò fi síbẹ̀ rí. Máòsì náà dákẹ́. Mo pa á, mo tàn án, díráìfù yọjú. Mo tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó dé 40, ó tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣe mí bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá ìyàwó ń padà sí Gàbọ́ọ̀nù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé báàgì rẹ̀ wá, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò bú mi. Ó wo aago, ó wò mí, ó dìde, ó lọ. Ojú tó fi wò mí yẹn ò tíì kúrò lára mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo ti gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ilé iṣẹ́ kan nítòsí ọjà Ouando l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), nítorí wọ́n ní àwọn ń ṣe overclock, ìyẹn mímú kí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sáré ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fi sílẹ̀ lọ. CPU Ryzen 7 3700X ti AMD lórí mọ́dábọ́ọ̀dù X570 ni. Chipset ni ẹ̀rọ kékeré orí mọ́dábọ́ọ̀dù náà tó ń so àwọn nǹkan bíi díráìfù àti USB pọ̀ mọ́ CPU. 25,000 fàráǹ ni mo san. Kí n sọ òótọ́, wọ́n gbà mí tẹ̀yẹtẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún mi lága, wọ́n ra omi tútù fún mi, wọ́n sì parí iṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Fídíò tó máa ń gbà mí ní ìṣẹ́jú 52 di ìṣẹ́jú 48. Inú mi dùn délé.

Ní Jímọ̀, ọjọ́ kejì tí bàbá náà lọ, mo tún gbé kọ̀ǹpútà lé itan nínú takisí, a gba Pobè, a gba Sakété, gbogbo gegele ọ̀nà ni mo ń fi apá gbà fún un. Nígbà tí mo dé, pátírọ̀ǹ, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ò tilẹ̀ wo kọ̀ǹpútà. Èmi ló ń wò.

Ó ní, "Ọ̀gá, ooru Kétu ni. Ẹ ra AC."

Mo ní, "Pátírọ̀ǹ, òru ni. Ọyẹ́ ń mú, mo da aṣọ bora nídìí iṣẹ́."

Ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti kú nígbà náà, 95,000 fàráǹ ni òun máa bá mi wá òmíràn. Kò fọwọ́ kan ìdè kan, kò tan ẹ̀rọ náà. Mo béèrè pé kí ló yí lọ́jọ́sí nínú BIOS, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò mọ́dábọ́ọ̀dù, ó ní ohun tí òun ti ń ṣe láti ayé Core 2, CPU Intel àtijọ́, ni, kò sẹ́ni tó ráhùn rí. Ni wọ́n bá pe ìrun, ó mú ṣáálúbàtà rẹ̀, ó jáde.

Ó ku èmi àti ọmọ iṣẹ́ wọn, ọmọbìnrin kan tó ti jókòó sígun tábìlì látàárọ̀ tí kò fọhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín." Ó tan kọ̀ǹpútà, ó wọ BIOS, ó nàka sí ìlà kan: fóltéèjì chipset, 1.20. Ó ní 1.00 ló yẹ kó wà.

Mo bi í pé ta ló fi kún un. Kò dáhùn. Ohun tó ṣàlàyé fún mi ni pé láyé Core 2 tí ọ̀gá òun ń wí, inú chipset ni ohun tó ń darí mẹ́mórì wà. Lórí P45, chipset ayé ìgbà náà, 1.10 ni ó máa ń wà láti ilé iṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ kí mẹ́mórì sáré ní ìdí láti fi díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n AMD ti kó iṣẹ́ yẹn wọnú CPU láti 2003 pẹ̀lú Athlon 64, Intel ṣe tirẹ̀ ní 2008. Lórí X570, díráìfù kejì, ọ̀pọ̀ ojú USB àti irú wọn ló kù tí chipset ń bójú tó. Ẹ fi fóltéèjì kún un títí, CPU yín ò ní fi ìṣísẹ̀ kan sáré sí i. Ooru nìkan ni ẹ rà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ 1.2 lọ́nà 1.2 fún mi: 1.44. Chipset tó ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 11 á wá máa sún mọ́ 16, lábẹ́ irin kékeré tí káàdì àwòrán bò mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló yọ káàdì àwòrán kúrò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí fáànù kékeré orí chipset. Nítorí PCIe 4.0, ọ̀nà ìsopọ̀ tó yára, ni ọ̀pọ̀ X570 fi ní fáànù yẹn nígbà tí wọ́n jáde ní 2019. Tèmi ò yí. Eruku pupa Kétu ti dì mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bí irú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igbá. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ọtí ìfọgbẹ́ nù ún, ó fi ìka kan da fáànù wò. Ó yí, ó ń yí lọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo pàtẹ́wọ́.

Kí ó tó tú u, ó ti jẹ́ kí n wo HWiNFO, ètò ọ̀fẹ́ tó ń fi ooru inú kọ̀ǹpútà hàn: 97 dígírì lórí chipset, kí díráìfù tó sá. Lẹ́yìn tó dá fóltéèjì padà sí 1.00, ó da fáìlì ńláńlá láti díráìfù kan sí èkejì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. 61. Ó ní òun ò fẹ́ kí òun rí i kó kọjá 80 rárá. Ó tún rí fóltéèjì SoC, apá CPU tó ń darí mẹ́mórì, ní 1.25, ó sọ̀ ọ́ sí 1.10. Ó kìlọ̀ fún mi pé SoC kì í ṣe chipset o, inú CPU ló wà, àti pé lórí irú Ryzen tèmi, òun kì í jẹ́ kó kọjá 1.2. Ó rán mi létí pé ní 2023, lẹ́yìn tí àwọn Ryzen 7000 kan jóná, AMD fúnra rẹ̀ ní kí àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù wọn má jẹ́ kí SoC kọjá 1.3.

Pátírọ̀ǹ dé láti mọ́sáláásí, ó rí i pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, ó ní kí n san 10,000. Owó àtúnṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ bàjẹ́! Mo ní kó dá 25,000 mi padà. A fà á títí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ fi dá sí i. Kò dá kọ́bọ̀ padà, èmi náà san 5,000 nítorí ọmọ náà. Pátírọ̀ǹ ò bẹ̀ mí. Títí mo fi gbé ẹrù mi jáde, kò bi mí pé kí ló gbẹ̀yìn fídíò.

Mo parí fídíò náà lálẹ́ Sátidé, láìsí ìdíwọ́ kan. Inú fúláàṣì ni mo fi í sí, ẹnìkan tó ń lọ sí Libreville ló bá mi gbé e fún bàbá ìyàwó. Ó pè mí nígbà tó wò ó tán, ó gbàdúrà fún mi.

Bí ẹ bá lọ síbẹ̀, ọmọbìnrin yẹn ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì jókòó tì í títí yóò fi parí.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5.