Àjọ àbí bọ́ǹdì ìjọba: èwo la máa fi dúró de skúùlù fíìsì?

Dìsẹ́ńbà ti dé, ìgbéyàwó lọ́tùn-ún, ìkómọ lósì, gbogbo àwọn tó ń bá mi jíròrò owó, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ọmọ tó máa wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Sẹ̀tẹ́ńbà ni mò ń rò ní tèmi.

Àjọ dáa o. Ẹ mọ alájọ yín, ó mọ̀ yín, kò sí fọ́ọ̀mù, tí pàjáwìrì bá dé wọ́n lè jẹ́ kẹ́ ẹ tètè kó, ìtìjú pé mi ò dá tòní gan-an ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rí nǹkan fi pamọ́, mi ò fojú kéré ìyẹn rárá. Àmọ́ kì í lé sí i. Alájọ ojoojúmọ́ á tún mú owó ọjọ́ kan lóṣù, ọjà á sì ti wọ́n sí i kẹ́ ẹ tó kó o.

FGN Savings Bond tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 ńkọ́, ìyẹn bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀, owó tẹ́ ẹ yá ìjọba tí wọ́n á fi èlé dá padà? ₦5,000 lẹ lè fi wọlé, ọdún méjì tàbí mẹ́ta, èlé ń wọ àkáǹtì yín lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ìjọba àpapọ̀ ló sì dúró fún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbowó kíákíá nìkan ló le, torí ẹ máa ní láti tà á, iye tẹ́ ẹ fẹ́ lè má wá.

Fíìsì Sẹ̀tẹ́ńbà tó ń bọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó wà nínú àjọ. Àmọ́ owó tí wọ́n fi ta ọmọ lọ́rẹ níbi ìkómọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ra kúlà, bọ́ǹdì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, oṣooṣù ni wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ àwọn stockbroker, ìyẹn àwọn tó ń báni ra ṣíà àti bọ́ǹdì.