Etí Òkun Barbados: Èyí Tó Yẹ Kí Ará Ìlọrin Kọ́kọ́ Wọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ti Ìlọrin lọ sinmi létí òkun Kàríbíà, Barbados la máa kọ́kọ́ tọ́ka sí fún un, torí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ ibẹ̀. Ojú ọ̀nà ni wàhálà wà. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá gba Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà kọjá, ọ̀pọ̀ wa ló máa nílò físà ìkọjá ti ibẹ̀. Ẹ gba ìyẹn kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú yẹ́lò káàdì dání pẹ̀lú, wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá.

Ní ti etí òkun fúnra rẹ̀, ẹ má fi fọ́tò yàn. Gbogbo wọn ló lẹ́wà nínú fọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ tí etí òkun wà ni kẹ́ ẹ wò. Erékùṣù náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 34 ní gígùn àti 23 ní fífẹ̀, kò tó Ìlọrin sí Ọ̀fà, síbẹ̀ omi rẹ̀ yàtọ̀ síra gan-an. Atẹ́gùn ibẹ̀ sábà máa ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn, láti ìhà tiwa níbí, ó sì ń ti ìgbì Àtìláńtíìkì lọ kọlu ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn erékùṣù. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn fara pamọ́ bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ ọyẹ́. Gúúsù wà láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ̀wẹ̀, inú odò ló ti kọ́ ọ, odò kì í sì í ní ìgbì. Nítorí náà, ìwọ̀-oòrùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Carlisle Bay, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bridgetown tó jẹ́ olú-ìlú, ni àyànfẹ́ wa. Yanrìn rẹ̀ funfun, ó kúnná, omi rẹ̀ sì mọ́ débi pé ẹ máa rí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ yín nígbà tí omi bá ti dé àyà. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó rì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ Berwyn ti wà níbẹ̀ láti 1919, ẹja ló fi ṣe ilé báyìí. Ìjàpá òkun náà ń jẹun níbẹ̀. Ẹ dúró jẹ́ẹ́: orí kan á yọ lójú omi, á mí lẹ́ẹ̀kan, á sì tún rì. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má dì í mú ya fọ́tò.

Bí ẹ bá bá ọlọ́kọ̀ lọ wò wọ́n, ẹ yẹ aṣọ aléfòó (life jacket) wò kí ẹ tó kúrò ní yanrìn. Ẹ dè é tán, kí ẹlòmíràn gbá èjìká rẹ̀ méjèèjì mú, kó fà á sókè. Bó bá dé etí yín, ó ti tóbi jù. Tí ẹ bá bọ́ sómi, yóò yọ kọjá orí yín. Ẹ gba òmíràn. Ẹ tètè dé kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ arìnrìn-àjò ńlá bá wà ní èbúté, torí ibẹ̀ ni èrò inú rẹ̀ ń dà sí.

Kí ẹ tó jókòó sórí àga ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè iye rẹ̀, kí ẹ sì béèrè irú dọ́là tó ń sọ. Dọ́là Barbados 2 ni dọ́là Amẹ́ríkà 1, ibi tí àlejò ti ń sanwó ìlọ́po méjì nìyẹn. Yanrìn kò ní olówó, gbogbo etí òkun erékùṣù náà ló jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Òtẹ́ẹ̀lì ló ni àga, kò ni òkun. Ẹ wá ọ̀nà tóóró láàárín ògiri òtẹ́ẹ̀lì méjì, ẹ gbà á kọjá.

Paynes Bay àti Mullins, lókè díẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, pa rọ́rọ́ bákan náà. Àmọ́ láàárín December sí March, ìgbì lè ti àríwá wá bá wọn lójijì.

Ní gúúsù, Accra Beach ní Rockley ní ìgbì díẹ̀, ó sì ní àwọn tó ń ṣọ́ ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Àsíá pupa túmọ̀ sí pé kí ẹ má wọ omi rárá. Ẹ ya Oistins lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ fún ẹja yíyan. Ẹ béèrè bóyá ààrò kan náà ni wọ́n fi ń yan ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ tọ́ cou-cou wò níbi tí wọ́n bá ti ń tà á: ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ilá rò pọ̀, ẹni tó bá ń jẹ túwó máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Bathsheba àti Crane ní ìlà-oòrùn, ojú ni kẹ́ ẹ fi jẹ wọ́n. Ìgbì ń gbé omi wá sétí yanrìn, omi yẹn sì gbọ́dọ̀ padà. Á kóra jọ sójú kan tóóró, á máa ṣàn lọ sínú òkun pẹ̀lú agbára. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń dà bí ẹni pé ó pa rọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì tó ń fọ́, ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń yàn án wọ̀. Bó bá gbé yín, ẹ má bá a wọ̀jà. Ẹ léfòó, ẹ na ọwọ́ kan sókè, kẹ́ ẹ sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí yanrìn.

Láti 2011 ni koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn àti gúúsù. Tó bá jẹrà, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, kò sì dára fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ìparí January sí March ló dára jù láti lọ. June sí November ni àkókò ìjì líle.

Igi manchineel ń hù létí yanrìn, èso rẹ̀ dà bí ápùù kékeré aláwọ̀ ewé. Oje rẹ̀ funfun bí oje orò, ó ń bó ni lára, èso rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Wọ́n sábà máa ń kun ọ̀dà pupa yí ìdí rẹ̀ ká. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má sá sábẹ́ rẹ̀, omi tó ń kán látara ewé rẹ̀ ń jóni.

Ẹ̀yin ìyá wa àti àwọn arábìnrin tó ń bo ara, ẹ má wọ òkun pẹ̀lú àǹkárá tàbí ábáyà olówùú. Ó ń fa omi mu, ó sì ń wúwo. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo gbogbo ara, tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù rán, ló yẹ. Ẹ fi aṣọ aláwọ̀ sójà sílé, òfin ibẹ̀ kò gbà á fún ará ìlú, títí kan ọmọdé.

Bọ́ọ̀sì ìjọba láti Bridgetown dé Bathsheba jẹ́ dọ́là Barbados 3.50. Wọn kì í fúnni ní ṣéńjì, nítorí náà ẹ ti ka ti àlọ àti àbọ̀ sọ́tọ̀ láti òtẹ́ẹ̀lì.